Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Georg Milbradt, Akápò Saxony, àti Gbèsè Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Lẹ́yìn tí a kọ̀wé nípa bí àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì ṣe ń pín owó láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé ló ń béèrè nípa Georg Milbradt, ọkùnrin tó ṣe mínísítà ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ Saxony, lápá ìlà-oòrùn Jámánì, láti 1990 sí 2001, tó sì padà di olórí ìjọba ibẹ̀. Àwọn tó béèrè ohun kan náà, a ti pa ìbéèrè wọn pọ̀ sójú kan.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: Ṣé bí kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ni mínísítà ìpínlẹ̀ ṣe rí ní Jámánì? Ṣé òun náà máa ń dúró de owó tí ìjọba àpapọ̀ bá pín lóṣooṣù?

Iṣẹ́ wọn jọra, àmọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ 16 ló wà ní Jámánì. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé ìpínlẹ̀ ló ni àwọn ọ́fíìsì owó orí. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó orí oníbúrẹ́dì kan wò ní Leipzig, mínísítà ètò ìnáwó Saxony ni ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ṣe òfin tó ń lò. Nínú 100 yúrò owó orí tí òṣìṣẹ́ san, 42.50 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 42.50 jẹ́ ti ìpínlẹ̀, 15 tó kù sì di ti ìlú tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé. Owó orí èrè iléeṣẹ́ ńlá, ìdajì-ìdajì ni ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ń pín in. Owó VAT náà jẹ́ ti gbogbo wọn, òun sì ni wọ́n máa ń fi gbé ìpínlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ẹnu dìde.

Mínísítà kì í wá jókòó kó máa retí ìpín oṣù bí àwọn ìpínlẹ̀ wa ṣe ń retí ti Abuja. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó lè bu owó orí lé aráàlú bó ṣe wù ú. Owó orí kan tó tóbi díẹ̀ tí ìpínlẹ̀ lè fúnra rẹ̀ dá iye lé ni èyí tí ẹni tó bá ra ilé tàbí ilẹ̀ ń san, láti 2006 sì ni wọ́n ti gbà á láyè. Ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni Saxony fi í sí títí 2022 fi parí, kó tó di 5.5. Nínú ìyókù, ohùn kan ṣoṣo tí ìpínlẹ̀ ní ni ìbò rẹ̀ ní Bundesrat, ilé tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń dìbò lórí òfin àpapọ̀. Ìbò mẹ́rin ni ti Saxony. Agbára mínísítà kò wá pọ̀ lórí owó tó ń wọlé. Ohun tó bá gbà kí wọ́n ná, ohun tó bá kọ̀, àti iye tó bá yá, ibẹ̀ la ti ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ìbéèrè láti Òṣogbo: Ta gan-an ni Milbradt, báwo ló sì ṣe dé ipò náà?

Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Eslohe, ní agbègbè Sauerland, lápá ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ogun àgbáyé kejì ń parí lọ nígbà náà, àwọn òbí rẹ̀ sì wà lára àwọn tó sá kúrò ní ìlà-oòrùn, ní ibi tó jẹ́ ilẹ̀ Poland lónìí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé, òfin àti ìṣirò ní yunifásítì Münster, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1973, ọdún yẹn náà ló sì wọ ẹgbẹ́ CDU. Ẹgbẹ́ onílànà Kristẹni tí kì í kánjú yí nǹkan padà ni CDU, ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ àìjẹ gbèsè kì í tán lẹ́nu wọn.

Láti 1983 sí 1990, òun ni akápò ìlú Münster. Ẹ fojú sí ipò yìí dáadáa. Akápò ìlú ní Jámánì kì í kàn di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú. Òun ló ń kọ àbá ìnáwó ìlú, òun ló ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé owó odò ìwẹ̀ tuntun kò sí, ojú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń bínú sí. Ọdún méje ló fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá.

Nígbà tí Jámánì méjèèjì, ti ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn tí àwọn kọ́múníìsì ń ṣàkóso, di ọ̀kan, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Saxony padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1990. Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 14, CDU sì gba ìdá 53.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kurt Biedenkopf, ọ̀jọ̀gbọ́n tí òun náà ti ìwọ̀-oòrùn wá, di olórí ìjọba. Òun ló pe Milbradt wá sí Dresden, olú-ìlú Saxony, ní oṣù Kọkànlá.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Dresden: Wọ́n máa ń sọ níbí pé Saxony ò jẹ gbèsè bíi tàwọn aládùúgbò rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe rí ní 1990. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 èèyàn ló wà ní Saxony, iléeṣẹ́ sì ń kógbá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ́fíìsì owó orí irú ti ìwọ̀-oòrùn kò sí, àfìgbà tí Bavaria àti Baden-Württemberg, ìpínlẹ̀ méjì ní ìwọ̀-oòrùn, rán òṣìṣẹ́ wá kọ́ wọn níṣẹ́. Owó orí tí wọ́n ń rí nílé kò tó nǹkan, àpò àkànṣe kan tí wọ́n dá fún ìṣọ̀kan Jámánì ló ń bọ́ wọn títí di 1994. Láti 1995 ni wọ́n wọ inú ètò pínpín owó pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn.

Ohun tí Milbradt rí tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ rí ni pé owó ìrànwọ́ ní ọjọ́ tí yóò tán. Ẹni tó bá fi owó tí yóò tán gba òṣìṣẹ́ tí kò ní tán, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyà yóò gbé e mì. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìrànwọ́ kejì ní 2001, ó tilẹ̀ hàn gbangba nínú ìwé: ìrànwọ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.5 yúrò ní 2005, yóò máa dín kù lọ́dọọdún títí yóò fi ku bílíọ̀nù 2.1 ní 2019, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Àfojúsùn owó náà ni láti kọ́ ohun tí ìlà-oòrùn kò ní: títì, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwádìí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fi san owó oṣù. Saxony ló sún mọ́ àdéhùn náà jù.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì la fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti hàn jù. Oríṣi òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Beamte. Wọn kì í lé e, kì í dá owó sí àpò ìfẹ̀yìntì gbogboogbò, ìjọba tó gbà á sì ni yóò máa bọ́ ọ títí yóò fi kú. Lọ́dún tí wọ́n gba Beamte, owó tó ń jáde kéré ju ti òṣìṣẹ́ lásán lọ, nítorí kò sí ìdá-owó tí ìjọba ń bá a san. Nítorí náà mínísítà tó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ dára lónìí yóò máa gbà wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí òun alára ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn yóò jọ na ọwọ́ sókè. Gbèsè ni, àmọ́ kò sí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ohun tí Saxony ṣe rèé. Wọn kò sọ àwọn olùkọ́ wọn di Beamte, bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún àwọn Beamte tí wọ́n bá gbà láti 1997, wọ́n ń ya owó ìfẹ̀yìntì wọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá àpò ńlá sílẹ̀ fún un ní 2005, nígbà tí Milbradt ti di olórí ìjọba. Láti 2006, Saxony kò yá owó tuntun mọ́ láti fi ṣe ìnáwó ọdún, títí àrùn Kòrónà fi dé ní 2020.

Ó ní ibi tó ti dunni. Olùkọ́ ọ̀dọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Leipzig mọ̀ pé bí òun bá kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, Beamte lòun yóò jẹ́, owó tó sì máa dé ọwọ́ òun lóṣù yóò pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ lọ. Olùkọ́ di ọ̀wọ́n, ní 2019 Saxony sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn olùkọ́ tí kò tíì kọjá ọdún 42 di Beamte. Àwọn ará abúlé ní Lausitz àti àwọn òkè Erzgebirge náà ní ẹ̀sùn tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: Dresden àti Leipzig ni ìdàgbàsókè kọ́kọ́ dé, ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ni wọ́n ń tì pa. Lójú tiwa, ìdáláre wà fún Milbradt lórí owó, àmọ́ ìpínlẹ̀ tún ju owó lọ.

Ìbéèrè láti Akúrẹ́: Níbo gan-an ni mínísítà ti máa ń dá àwọn yòókù dúró tí wọ́n bá ń ṣe àbá ìnáwó?

Ọdún méjì-méjì ni Saxony ń ṣe tirẹ̀ pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò owó orí láti gbogbo Jámánì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún àti ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, láti sọ iye tí wọ́n rò pé yóò wọlé. Ìyẹn ni mínísítà fi ń pààlà ìnáwó fún ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan: ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibí yìí. Wọ́n á mú ìwé wọn wá, wọ́n á sì ti kọjá ààlà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ jà á, ohun tí wọn kò bá yanjú á lọ sọ́dọ̀ mínísítà ètò ìnáwó àti mínísítà tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní kọ̀rọ̀, ìyókù á dé iwájú olórí ìjọba. Níbẹ̀ ni mínísítà ètò ìnáwó ti ń mọ̀ bóyá òun ní bàbá ìsàlẹ̀ tàbí òun kò ní. Biedenkopf dúró ti Milbradt fún ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé aṣòfin àti ìgbìmọ̀ ìnáwó rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba àbá jẹ́. Èkíní ni kí wọ́n fi owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí owó ilẹ̀ tí wọ́n tà, san owó oṣù tí yóò máa jáde títí. Èkejì ni ìlà kan tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé pé àwọn yóò fi iye báyìí pamọ́, láìsọ ibi tí wọn yóò ti fi í pamọ́. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìnáwó ìjọba yòówù. Bó bá tóbi, wọn ò tíì parí ìjà wọn.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta: Ṣé òótọ́ ni pé Saxony ṣe àìgbọràn sí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù nítorí Volkswagen?

Òótọ́ ni. Ní 1996, Saxony fẹ́ fún Volkswagen ní ìrànwọ́ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Mosel, lẹ́bàá Zwickau, àti ní Chemnitz. Àjọ náà ní Brussels fọwọ́ sí apá tó pọ̀ jù, wọ́n ní apá kan kọjá ohun tí òfin gbà. Saxony san nǹkan bíi mílíọ̀nù 91 máàkì, owó tí Jámánì ń ná ṣáájú yúrò, lára èyí tí wọ́n kọ̀ náà. Àwíjàre wọn ni pé òfin Yúróòpù fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n ran àwọn ibi tí pípín Jámánì sí méjì pa lára lọ́wọ́. Ẹjọ́ náà gùn. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá Saxony lẹ́bi ní 1999, ilé ẹjọ́ gíga jù sì fọwọ́ sí i ní 2003: ohun tí odi ìpààlà bàjẹ́ ni òfin náà wà fún, kì í ṣe gbogbo ìyà tí ìjọba àwọn kọ́múníìsì fi jẹ ìlà-oòrùn.

Ìbéèrè láti Ìlọrin: Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Biedenkopf fi lé e?

Ọ̀rọ̀ oyè ni. Biedenkopf ti pé ẹni 71 ọdún ní oṣù Kìíní 2001, gbogbo èèyàn sì ń wo ẹni tí yóò jẹ tẹ̀ lé e. Milbradt sọ̀rọ̀ síta pé ó yẹ kí wọ́n yanjú rẹ̀ kíákíá, ojú òun náà sì wà níbẹ̀. Biedenkopf sọ pé onímọ̀ tó ní ẹ̀bùn ni, àmọ́ kò mọ òṣèlú ṣe rárá, ó sì yọ ọ́ ní ìparí oṣù yẹn. Thomas de Maizière ló gba ipò náà.

Ọ̀rọ̀ náà já sí òdìkejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ CDU dìbò yan Milbradt ní alága ìpínlẹ̀, ó na Steffen Flath tí Biedenkopf fẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2002, ó di olórí ìjọba. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, odò Elbe kún dé mítà 9.40 ní Dresden, ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ yáwó sì bá ara rẹ̀ nínú omi. Ní ìdìbò 2004, CDU já bọ́ láti 56.9 sí 41.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di dandan kí ó bá SPD, ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, jọ ṣe ìjọba.

Ìbéèrè láti Èkó: Ẹ ṣàlàyé báńkì tó bọ́ ọ lọ́wọ́, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ báńkì yóò ṣe lóye rẹ̀.

Sachsen LB ni orúkọ báńkì náà, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn báńkì ìfowópamọ́ ìlú ló ni ín. Ní 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Leipzig, Milbradt sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ nígbà tó jẹ́ mínísítà. Irú báńkì bẹ́ẹ̀ ní ohun kan tí báńkì aládàáni kò ní: ìpínlẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí báńkì kò bá lè san gbèsè rẹ̀, ìpínlẹ̀ yóò san án. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni ló ń yá a lówó pẹ̀lú èlé kékeré.

Àwọn báńkì aládàáni fẹjọ́ sùn ní Brussels, wọ́n sì fẹnu kò ní 2001 pé ìgbọ̀wọ́ yìí yóò dópin fún gbèsè tuntun ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2005. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin náà. Àwọn báńkì ìpínlẹ̀ sáré yá owó olówó-pọ́ọ́kú kí ilẹ̀kùn tó tì. Owó wá pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníbàárà rere nílé kò sì tó nǹkan. Ọrọ̀ ajé Saxony kò tóbi tó láti gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo òkè òkun.

Sachsen LB ní iléeṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ní Dublin, ní Ireland. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí àpótí kan tó ń jẹ́ Ormond Quay, orúkọ òpópónà kan létí odò Liffey níbẹ̀. Àpótí náà ń ra ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè ilé ní Amẹ́ríkà. Owó tó fi ń rà á, ó ń yá a fún oṣù kan tàbí oṣù mélòó kan péré, bí ọjọ́ bá pé, á yá òmíràn san èyí. Èlé ọlọ́jọ́ pípẹ́ ga ju ti ọlọ́jọ́ kúkúrú lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn ni èrè. Bí ẹni tó ń gba owó èsúsú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi ra oko kókó ni: oko náà lè dára, àmọ́ kò ní so kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ pé ẹlòmíràn yóò máa yá a lówó.

Kí àwọn ayánilówó má bàa bẹ̀rù, Sachsen LB ṣèlérí pé bí kò bá sí ẹni tó yá Ormond Quay lówó, òun yóò yá a. Ìlérí yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìṣirò báńkì, ìlérí kò jọ gbèsè. Bí mínísítà bá ṣe ń wo ojú ìwé ìnáwó ìpínlẹ̀ kínníkínní tó, kò sí níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 2007, àwọn onígbèsè ilé ní Amẹ́ríkà ti ń kùnà láti san, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ra ìwé Ormond Quay mọ́. Ìlérí di dandan, àpò Sachsen LB kò sì gbé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ẹgbẹ́ àwọn báńkì ìfowópamọ́ ní láti yọ̀ǹda bílíọ̀nù 17.3 yúrò fún un, owó tó ju ohun tí gbogbo ìjọba Saxony ń ná lọ́dún kan lọ. Ní ọjọ́ 26, wọ́n ta báńkì náà fún LBBW, báńkì ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, LBBW rí i pé ihò náà jìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí títà náà má bàa bàjẹ́, Saxony dúró fún bílíọ̀nù 2.75 yúrò, ìpínlẹ̀ sì san lára rẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e bí àwọn ìwé gbèsè náà ṣe ń bàjẹ́.

Horst Metz tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Milbradt dúró títí di 2008. Ìròyìn tún jáde pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ti yáwó ní báńkì náà láti fi ra ìpín nínú òwò tí báńkì náà ń tà. Ní oṣù Kẹrin, ó kéde pé òun ń lọ, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún Stanislaw Tillich gba ipò rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà láti Èkó: Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?

Kì í ṣe òun ló jókòó ní Dublin tó ń ra ìwé. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ báńkì kan tó tóbi ju ilé tó gbé e ró lọ, òun sì ni olórí nígbà tí ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ìdí tí báńkì ìpínlẹ̀ kékeré fi ń jèrè púpọ̀ láti Ireland. Ohun tó dùn wá nípa rẹ̀ ni pé òun gan-an ló mọ̀ jù pé gbèsè tó burú jù ni èyí tí kò sí nínú ìwé. Ó mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ó sì fi owó sí i. Kò fi ojú kan náà wo báńkì. Onígbọ̀wọ́ tí kì í béèrè ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ rà, onígbèsè ni.

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde: Ibo ló wá gbà lọ?

Ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Dresden. Saxony fi òfin tó dènà gbèsè sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní 2013, iléeṣẹ́ ṣíìpù kọ̀ǹpútà tí Siemens bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Dresden ní 1994 sì ti bí àwọn mìíràn yí ara rẹ̀ ká. Ní 2017, ìjọba Jámánì yan Milbradt ní aṣojú àkànṣe fún àtúntò ìjọba ní Ukraine. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti ràn wọ́n lọ́wọ́ kí agbára àti owó lè kúrò ní Kyiv dé ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀: kí wọ́n pa àwọn abúlé kéékèèké pọ̀ di ìlú tó lè dá gba òṣìṣẹ́, kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín tirẹ̀ nínú owó orí. Iṣẹ́ akápò Münster náà ni.